Àwọn Kumeyaay Àfonífojì Odò San Diego

Ọ̀nà jíjìn ni a fẹ́ mú yín lọ lónìí. Ní gúúsù Kalifóníà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, odò kan wà tí ń ṣàn láti orí òkè lọ sínú òkun. San Diego ni orúkọ rẹ̀. Àwọn Kumeyaay ti ń gbé àfonífojì odò náà tipẹ́tipẹ́, kí òyìnbó kankan tó débẹ̀.

Kí ni wọ́n ń jẹ? Wọ́n ń pa ehoro àti àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n èso igi óákù ni olórí oúnjẹ wọn. Èso yìí korò bí jogbo! Ẹni tó bá kàn sọ ọ́ sẹ́nu, yóò tu ú dànù ni. Àwọn obìnrin wọn ló mọ ọgbọ́n rẹ̀. Wọn a ṣa á, wọn a sá a gbẹ, wọn a kó o pamọ́ sínú agbọ̀n ńlá. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọn a pa èèpo rẹ̀, wọn a gún un. Ẹ má rò pé odó igi ni o. Ihò inú àpáta ni odó wọn. Bí ìyá ti ń gún, tí ọmọ ń gún, bẹ́ẹ̀ ni ihò náà ń jìn sí i. Wọn a wá máa da omi sí ìyẹ̀fun náà léraléra, títí ìkorò rẹ̀ yóò fi bá omi lọ. Nígbà náà ni wọn a sè é bí ẹ̀kọ. Àwọn kan a máa pe irú ènìyàn báyìí ní òpè. Àwa kò gbà.

Ní 1769 àwọn àlùfáà Sípéènì dé, pẹ̀lú ọmọ ogun. Ìwà àwọn ọmọ ogun náà bí àwọn Kumeyaay nínú. Ní 1775 wọ́n dìde, wọ́n sì sun ilé ìjọ náà.

Ìjọba Amẹ́ríkà ló gba ilẹ̀ náà níkẹyìn. Ní 1875 ó ya Capitan Grande, ní apá òkè odò náà, sọ́tọ̀ fún wọn. Wọ́n ń dáko níbẹ̀. Àṣé kò ní pẹ́! Omi ni ìlú San Diego ń wá. Ní 1919 àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fún ìlú náà láyè láti gba ilẹ̀ etí odò, ilẹ̀ tó dára jù níbẹ̀, kí wọ́n lè sé odò náà. Wọ́n ní kí àwọn onílẹ̀ kó kúrò. Àwọn kan lọ sí Barona, àwọn kan lọ sí Viejas. Owó ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn náà ni wọ́n fi ra ibẹ̀ fún wọn. Wọ́n parí odi ìsédò náà ní 1934, omi sì bo oko.

Àwọn ọmọ wọn wà ní Barona àti Viejas títí di òní, wọ́n sì ń kọ́ èdè wọn. Èyí tí omi kò bò ní Capitan Grande ṣì jẹ́ ti àwọn méjèèjì lápapọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́.