Ilé Kékeré Lórí Omi
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní ìpàdé ọdọọdún)

Iṣẹ́ tí Ẹgbẹ́ yàn fún wa lónìí ni kí a sọ̀rọ̀ lórí àwọn ènìyàn tí ń gbé inú ọkọ̀, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí a ka ìròyìn ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù sí etí ìpàdé, tí a gbọ́ pé mẹ́ta nínú àwọn ọmọ wa níbẹ̀ ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi, ariwo sọ. Àwọn kan ní ìtìjú ni fún ìlú. Bàbá kan tilẹ̀ bèèrè bóyá àwọn ọmọ náà ti di apẹja. A kò fi ìbéèrè bàbá ṣe ẹ̀rín, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ni í bèèrè. Ó yẹ kí a dá wọn lóhùn lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́.

Ní ọdún 1761 ni wọ́n ṣí odò àfọwọ́gbẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti máa kó èédú láti ibi ìwakùsà Worsley lọ sí ìlú Manchester. Ẹṣin kan ṣoṣo tí ń rìn ní bèbè ni í fi okùn fa ọkọ̀ tí ó kún fún ẹrù. Kò pẹ́ tí irú odò bẹ́ẹ̀ fi tàn ká ilẹ̀ náà. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ga tàbí tí ó bá rẹlẹ̀, wọn a kọ́ àpótí òkúta onílẹ̀kùn sínú odò. Ọkọ̀ a wọ inú rẹ̀, wọn a ti ilẹ̀kùn, wọn a jẹ́ kí omi kún tàbí kí ó fà, ọkọ̀ a sì gòkè tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí ń gun àtẹ̀gùn. Ní ààrin gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àpótí wọ̀nyí fẹ̀ tó bí ẹsẹ̀ bàtà 7, wọ́n sì gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 70 lọ díẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọkọ̀ ibẹ̀ fi rí tẹ́ẹ́rẹ́ títí di òní olónìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkùnrin ni ó ń ṣe iṣẹ́ ọkọ̀, tí aya àti ọmọ ń gbé ilé lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, tí ó ń gba ẹrù lọ́wọ́ wọn, owó iṣẹ́ wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò lè san owó ilé mọ́, wọn kò sì lè san owó ọmọṣẹ́, ni wọ́n bá kó aya àti ọmọ sínú ọkọ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n ń gbé: yàrá kan ní ìdí ọkọ̀, gígùn rẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà 10, ìbú rẹ̀ kò tó 7, ìyókù ọkọ̀, ti ẹrù ni. Ààrò irin wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan ń ṣí wálẹ̀ di tábìlì. Òmíràn ń ṣí wálẹ̀ bí alẹ́ bá lẹ́, ó di ibùsùn bàbá àti ìyá. Pákó ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ti àwọn ọmọ. Síbẹ̀ wọ́n fi ọ̀dà ya òdòdó àti ààfin sí ara ilẹ̀kùn àti ohun èlò omi wọn, idẹ wọn a sì máa kọ mànà. Ẹni tí ó bá rò pé ilé kékeré ni ilé ọ̀bùn kò tíì rí nǹkan.

Ti àwọn ọmọ ni ó dun àwa olùkọ́ jù. Ọkọ̀ kì í dúró, nítorí náà ọmọ kì í dúró ní ilé ẹ̀kọ́ kan. Ọjọ́ kan níhìn-ín, ọjọ́ méjì lọ́hùn-ún, wọ́n ti tú okùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dàgbà láì mọ ìwé kà rárá. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ George Smith, ará Coalville, tí òun náà ti ṣe làálàá ní ibi iṣẹ́ bíríkì láti kékeré, ni ó pariwo títí ìjọba fi ṣe òfin ní ọdún 1877, pé kí a kọ ọkọ̀ tí ènìyàn ń gbé sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ibùgbé, kí a sì dá iye ènìyàn tí yóò máa sùn nínú rẹ̀. Òfin náà kò ní eyín tó. Ní 1884 ni wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n yan àwọn tí yóò máa bẹ ọkọ̀ wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyèsí ẹsẹ kan nínú òfin 1877: ìlú tí a bá ti kọ orúkọ ọkọ̀ sínú ìwé ni a ó ka ọmọ inú ọkọ̀ náà mọ́, kí òfin ilé ẹ̀kọ́ lè mú un. Ọmọ tí kò ní ilé lórí ilẹ̀ kankan, ìwé sọ ọ́ di ọmọ ìlú kan. A ó padà sí èyí.

Ìjọba gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ odò wọ̀nyí ní 1948. Nígbà tí òtútù ọdún 1962 sí 1963 sì mú kí omi dì, tí ọkọ̀ há sínú yìnyín fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, òwò ẹrù kíkó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí pátápátá. Ọkọ̀ tí ó ṣẹ́kù, àwọn ènìyàn rà wọ́n, wọ́n sì sọ ibi ẹrù di yàrá.

Èwo ni ti àwọn ọmọ wa nínú èyí? Owó ilé ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Ọ̀dọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru lè fi ìdajì owó oṣù rẹ̀ san owó yàrá kan ṣoṣo, kí ilé má sì di tirẹ̀ láéláé. Ọkọ̀ a di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀fẹ́ ni. Láti 2012, àjọ kan tí ń jẹ́ Canal & River Trust ni ó ń bójú tó ọ̀pọ̀ odò wọ̀nyí ní England àti Wales. Ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kí ó ní ìwé àdójútòfò, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ kò léwu, èyí tí a ń tún gbà ní ọdún 4-4. Ẹni tí kò bá ní èbúté tirẹ̀, òfin 1995 ní kò gbọdọ̀ dúró lójú kan ju ọjọ́ 14 lọ, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà; láti 2024 sì ni owó ìwé àṣẹ irú wọn ti wọ́n ju ti ẹlòmíràn lọ. Omi mímu, ó ń fà á láti ẹnu ẹ̀rọ sínú táǹkì. Ìgbẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni í gbé e lọ dà síbi tí a yàn. Iná mọ̀nàmọ́ná, láti inú bátìrì tí oòrùn tàbí ẹ́ńjìnnì ń gba agbára sí; ní oṣù Kejìlá, oòrùn ibẹ̀ kò tó nǹkan. Èédú ni ó fi ń yáná, bí èéfín kò bá sì rí ọ̀nà jáde, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn lè pa onílé lójú oorun. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí í ké gbàjarè nígbà tí afẹ́fẹ́ yìí bá wà kò gbọdọ̀ wọ́n nínú ọkọ̀ ọmọ wa kankan. Lórí tábìlì tí ó fi ń jẹun ni ó ń gbé kọ̀ǹpútà kà, tí ó ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ọ̀lẹ kò lè gbé irú ilé yìí.

Ti orí ilẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní 2008, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n pàdánù ilé ń sùn nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn. Àwọn mìíràn ń fi ìfẹ́ inú ṣe é, pàápàá àwọn ọ̀dọ́. Ká má fi ojú kan náà wo àwọn méjèèjì.

Kí a sì tó sọ pé àjèjì ni, ẹ jẹ́ kí a wo àyíká wa. Ní Ganvié, lórí ọ̀sà Nokoué nítòsí Kútọnù, ìtàn àwọn ará ibẹ̀ sọ pé àwọn baba wọn sá wọ inú omi nítorí àwọn akónilẹ́rú Dàhómì. Àwọn Ìlàjẹ tí wọ́n tẹ Ayétòrò dó ní 1947, orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé sí létí òkun. Òkun ti gbé apá púpọ̀ lọ nínú ìlú náà. Ní Mákòókó, Kúnlé Adéyẹmí, ayàwòrán ilé, parí ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó léfòó lórí omi ní 2013. Ìjì wó o ní oṣù Kẹfà 2016, kò sì sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan nínú rẹ̀ nígbà náà. Àwa olùkọ́ tí a gbọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a sì kẹ́dùn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ èyí tí ó le. Ní ìlú wa níhìn-ín, láti ọjà dé ilé ẹ̀kọ́ wa, ẹ ka ilé alájà méjì tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì. Àdán ni ń gbé wọn. Onílé ń bọ̀ ní Kérésì tàbí Iléyá, a sùn ní òru mẹ́rin, a sì lọ. Owó tí ọmọ fi kọ́ ilé wọ̀nyẹn, kí àwa má baà pè é ní aláìníláárí, òun ni ó mú un sun ibi tí kò dára ní ẹ̀yìn odi. Àwa òbí ni a ń tì wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ tuntun tí ìjọba rán wá kò rí yàrá kan háyà. Ó ń ti ìlú kejì wá lórí ọ̀kadà, bí òjò bá sì rọ̀, àwọn ọmọ a jókòó láìní olùkọ́. Ẹ ó ní olùkọ́ ń ṣípẹ̀ fún olùkọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, à ń ṣípẹ̀.

Ohun méjì ni a mú wá síwájú ìpàdé. Èkíní, kí ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù yọ̀ǹda àdírẹ́sì gbọ̀ngàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa tí ń gbé inú ọkọ̀, kí lẹ́tà lè máa tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Bí òfin 1877 ṣe fi ìwé fún ọmọ awakọ̀ ní ìlú, kí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀ka sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé dókítà ibẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ̀ láti gba orúkọ ẹni nítorí pé kò ní ìwé ẹ̀rí ibùgbé. Èkejì, kí onílé tí ó bá ti ilẹ̀kùn yọ̀ǹda yàrá méjì ní ìsàlẹ̀ ilé fún olùkọ́, pẹ̀lú ìwé àdéhùn ọdún kan, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ akọ̀wé Ẹgbẹ́, kí àlejò sì kó jáde láì jiyàn bí onílé bá fẹ́ padà. Onílé mẹ́rin ti fi ọwọ́ sí i kí a tó wọlé lónìí. Ìwé náà wà lórí tábìlì akápò, pẹ̀lú bírò.