Onílù Kan, Ẹgbẹ́ Méjì
Ẹ̀yin òǹwòran, àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Ṣùgbọ́n Tony Allen, onílù Fẹlá ọmọ Abẹ́òkúta, wà nínú ẹgbẹ́ Africa 70 nígbà tí ó gbé àwo tirẹ̀ jáde: Jealousy ní 1975, Progress ní 1977. Fẹlá fúnra rẹ̀ ni olóòtú wọn. Ohun tí a ṣe ní gbangba kì í bí ìfura. Nígbà tí wọ́n pínyà nígbẹ̀yìn, owó iṣẹ́ wà lára ohun tí Allen ń ráhùn lé lórí. Nítorí náà, kí olórin tí ń sin ọ̀gá méjì tètè sọ ọjọ́ òde tí ó ti gbà. Kí ọ̀gá náà sì san ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àdéhùn ni okùn ẹgbẹ́.