Okùn tí a fi ń fa mótò ẹrù wa

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Kánò, ní Jọ́s, ní Kàdúná, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ fífa mótò tó bá bàjẹ́ lọ́nà ni mo bá wá. Mi ò ní pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Tí bọ́ọ̀sì ẹrù bá ti kú, okùn tí wọ́n fi di àpò àlùbọ́sà náà ni wọ́n á tú, wọ́n á so ó mọ́ mótò míì, ó di "ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ". Dírẹ́bà tó jókòó sínú èyí tí wọ́n ń fà ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́, nítorí náà sítẹ́ẹ̀rìn á wúwo. Búrékì á dáhùn lẹ́ẹ̀kan, bóyá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn ìyẹn á le gbagidi, àfi kó fi gbogbo agbára ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Tó bá lọ yọ kọ́kọ́rọ́, sítẹ́ẹ̀rìn lè tì pa. Ẹni iwájú wá tẹ búrékì lójijì, kí ló fẹ́ dá ẹni ẹ̀yìn dúró? Okùn ò lè tì í sẹ́yìn. Fífà nìkan lokùn mọ̀.

Irin ìfà, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní towing bar, ò rí bẹ́ẹ̀. Ó le, kì í jẹ́ kí mótò méjèèjì súnmọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ra èyí tó gba ìwúwo mótò yín, ibi tí wọ́n ṣe fún fífà ni kẹ́ ẹ so ó mọ́, kì í ṣe bọ́ńpà. Tó bá jẹ́ okùn nìkan ló wà, kí mótò bọ́ì má dúró nítòsí rẹ̀ o! Okùn ọ̀rá máa ń nà kó tó já, tó bá já, á padà wá bíi pàṣán. Ti irin ìkọ́ bá wà lẹ́nu rẹ̀, ó lè pa èèyàn.

Ti tírélà, ẹ pe mẹkáníìkì. Tí afẹ́fẹ́ búrékì bá ti tán, búrékì á di táyà mú fúnra rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ti òru. Mótò tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ bíi mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. C-caution tí ẹ gbé sí mítà 10 lẹ́yìn mótò, kò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tó fi máa dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ rìn ín jìnnà, ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ ò pọ̀jù. Ewé tí a ń já sójú títì, ta ló ń rí i lóru? Ọ̀pọ̀ wa ló ra C-caution nítorí Road Safety, abẹ́ àga ló wà látọjọ́ náà.

Irin ìfà ní tiẹ̀, mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n dá dúró lọ́nà nítorí rẹ̀. Àwa fúnra wa la máa rà á. Àwa la sì ń sanwó mótò: kí ẹrù tó gòkè, ẹ ní kí dírẹ́bà fi irin àti C-caution hàn yín. Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbéra lọ́jọ́ ọjà, mótò mẹ́ta lè pín irin kan, tó bá ṣe déédéé pẹ̀lú gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ dá sí i, kó fi vóísì sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ Àìkú. Mo ń gbọ́ yín.