Ta Ló Lẹ́nu Láti Sọ Pé Ó Ti Rẹ Bàbá?



Kò sí ìdí ọkọ̀ kan láti Okokomaiko dé Mile 2 ní Èkó tí wọn kì í ti í jiyàn lórí ọpọlọ Ààrẹ. Ẹnì kan á ní bàbá ti ń ṣarán. Òmíràn á fèsì pé ara bàbá le ju ti ọ̀dọ́ lọ. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹgbẹ́ tí wọ́n ń ṣe: ẹni àkọ́kọ́, alátakò ni, ẹnì kejì, ti ìjọba ni. Bí ìjọba bá bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn lọ́la, àwọn méjèèjì á kàn gba ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn sọ ni.

Ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ. Ìbéèrè yẹn tọ̀nà. Ẹni tó ń pàṣẹ fún ọmọ ogun, tó ń buwọ́ lu ìnáwó gbogbo orílẹ̀-èdè, ó yẹ ká mọ̀ bóyá orí rẹ̀ ṣì pé. Ibi tó ti bàjẹ́ ni pé ẹnu méjì péré la fi ìdáhùn rẹ̀ sí: ẹnu ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹnu ẹni tó fẹ́ gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2024, Ààrẹ Bola Tinubu yọ̀ ṣubú níbi tó ti ń gun ọkọ̀ tí wọ́n fi ń yẹ ọmọ ogun wò ní Eagle Square, Abuja. Ẹni ọdún 72 ni nígbà náà. Àwa ará Èkó ti mọ ojú rẹ̀ láti 1999 tó ti di gómìnà wa, bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fi ń ká wa lára ju ti ẹlòmíràn lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, yẹ̀yẹ́ ti gba ìlú kan. Ṣùgbọ́n Atiku Abubakar àti Peter Obi, tí wọ́n bá a du ipò ní 2023, bá a kẹ́dùn ní gbangba, mo sì gbóríyìn fún wọn. Ẹsẹ̀ tó yọ̀ kì í ṣe àrùn ọpọlọ. Ààrẹ fúnra rẹ̀ sọ lálẹ́ ọjọ́ náà pé ọmọ Yorùbá lòun, òun dọ̀bálẹ̀ fún ìjọba àwa-ara-wa ni. Kò sí ẹjọ́ mìíràn lórí ìyẹn.

Ibi tí ẹjọ́ wà ni 2009. Ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún náà ni Ààrẹ Umaru Yar'Adua gba Jeddah lọ fún ìtọ́jú. Kò kọ lẹ́tà sí Ilé Aṣòfin, nítorí náà Goodluck Jonathan, igbákejì rẹ̀, kò lè ṣe adelé. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, aráàlú kò rí Ààrẹ, wọn kò sì rí àwòrán rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2010, BBC gbé ohùn rẹ̀ sáfẹ́fẹ́, ohùn tó rẹlẹ̀ gan-an. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Wole Soyinka àti Pásítọ̀ Tunde Bakare wà lára àwọn tó kó èrò jáde sí ìgboro Abuja.

Òfin wa ní ojútùú, ó wà ní abala 144. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn mínísítà bá fohùn ṣọ̀kan pé Ààrẹ kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, Ààrẹ Ilé Aṣòfin Àgbà yóò yan dókítà márùn-ún, dókítà Ààrẹ fúnra rẹ̀ yóò sì wà lára wọn. Bí wọ́n bá jẹ́rìí pé àìlera ara tàbí ti ọpọlọ kò ní jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ náà mọ́ láéláé, ipò ti bọ́ nìyẹn. Ní ti Yar'Adua, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ fún àwọn mínísítà ní ọjọ́ 14 kí wọ́n fi ṣe ìpinnu. Wọ́n pàdé ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní, wọ́n sì fẹnu kò pé kò sóhun tó ní kí Ààrẹ má lè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fojú kàn án láti oṣù Kọkànlá. Ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún 2010 ni Yar'Adua kú.

Mi ò pe àwọn èèyàn yẹn ní ìkà. Ẹni tí Ààrẹ yàn láàárọ̀, tó lè yọ kó tó di alẹ́, òun la ní kó dìde láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ kó sọ pé ọ̀gá òun kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Dora Akunyili nìkan nínú àwọn mínísítà náà ló gbójú. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì, obìnrin náà gbé ìwé síwájú ìgbìmọ̀ mínísítà pé kí wọ́n jẹ́ kí Jonathan ṣe adelé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbógun tì í. Lọ́jọ́ 9 oṣù náà ni àwọn sẹ́nétọ̀ wá ọgbọ́n dá: wọ́n ka ohùn orí BBC sí lẹ́tà, wọ́n sì sọ Jonathan di adelé. Kò sí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nínú òfin. Nígbà tí wọ́n tún òfin ṣe lọ́dún náà, wọ́n fi kún abala 145 pé bí Ààrẹ bá lo ọjọ́ 21 láìkọ lẹ́tà, Ilé Aṣòfin yóò sọ igbákejì di adelé. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan abala 144. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn mínísítà títí di òní.

Nígbà ti Yar'Adua yẹn, Lai Mohammed ni agbẹnusọ ẹgbẹ́ alátakò AC. Ó ń béèrè pé kí ìjọba máa ròyìn ìlera Ààrẹ fún aráàlú lójoojúmọ́, ìbéèrè tó tọ́ sì ni. Ní 2017, òun ni mínísítà ètò ìròyìn nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari lo ọjọ́ 103 ní London. Buhari kọ lẹ́tà bí òfin ṣe wí, Yemi Osinbajo sì ṣe adelé; ẹ jẹ́ ká fún un ní ìyìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn ojoojúmọ́ kò sí. Kò sí ẹni tó sọ orúkọ àìsàn náà fún wa títí Buhari fi kú ní London kan náà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 2025. Àwọn PDP tó fi Yar'Adua pamọ́ ló wá ń pariwo pé kí wọ́n fi Buhari hàn. Níbi tí òótọ́ kò sí, àhesọ jókòó: wọ́n ní Buhari ti kú, pé Jubril ará Sudan ló wà ní Aso Rock. Ní oṣù Kejìlá 2018, Ààrẹ orílẹ̀-èdè wa ń ṣàlàyé fún àwọn èèyàn ní ilẹ̀ Poland pé òun gan-an ni òun. Àbùkù gbogbo wa nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú un sún mọ́lé. Ní oṣù Kìíní 2010, lára àwọn tó pe ẹjọ́ pé kí Yar'Adua gbé agbára fún igbákejì rẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà, NBA. Ta ni ààrẹ wọn? Rotimi Akeredolu, ọmọ Ọ̀wọ̀, agbẹjọ́rò àgbà. Ó jà fún ohun tó tọ́, tìgboyà-tìgboyà. Ní 2023, òun ni gómìnà Oǹdó. Àìsàn gbé e lọ sí Jámánì. Ó padà ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn ló jókòó sí, kò padà sí Àkúrẹ́. Àwọn aṣòfin Oǹdó fẹ́ yọ igbákejì rẹ̀, Lucky Aiyedatiwa. Àwọn alátakò ń béèrè pé, ta ló ń buwọ́ lu ìwé? Ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ló tó kọ lẹ́tà kí Aiyedatiwa lè ṣe adelé. Ọjọ́ 27 oṣù yẹn ló jáde láyé, ẹni ọdún 67. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Mi ò sọ èyí láti tàbùkù òkú. Mo sọ ọ́ nítorí pé bí ọkùnrin tó mọ òfin náà tinú tẹ̀yìn, tó ti gbé e lọ sílé ẹjọ́ rí, kò bá lè sọ fún ara rẹ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́, a kò gbọdọ̀ fi ìpinnu náà sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣàìsàn. Àìsàn kì í jẹ́ kéèyàn mọ bí àìsàn ṣe tó. Àwọn tó yí i ká náà ní tiwọn láti dáàbò bò: oúnjẹ wọn ni.

Àwọn baba wa ti ro èyí. Ní Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́ Mèsì ló lẹ́nu láti kọ Aláàfin. Baṣọ̀run á gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́, ọba á sì mọ̀ pé ó ti parí. Ìdájọ́ ikú ni, mi ò sì gbàdúrà kó padà wá. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni ibi tí ẹnu wọn ti wá. Ìdílé wọn ló fún wọn lóyè. Aláàfin kò lè jí lọ́jọ́ kan kó ní kí Baṣọ̀run máa lọ sílé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ kan náà ló bí Baṣọ̀run Gáà, tó fi agbára yẹn pa ọba lórí ọba, tí ìlú kò gbádùn títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní nǹkan bí 1774. Tunisia náà rí irú rẹ̀. Lóru ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá 1987, Ben Ali, olórí ìjọba, pe dókítà méje, wọ́n buwọ́ lùwé pé Ààrẹ Habib Bourguiba, ẹni ọdún 84, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ilẹ̀ mọ́, Ben Ali ti di ààrẹ. Ọdún 23 ló lò lórí ipò. Ó ti pẹ́ tí arúgbó náà ti ń ṣe ségesège lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ jogún rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe dókítà. Nítorí náà, bí mo ṣe ń bẹ̀rù mínísítà tó dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù igbákejì tó yára.

Àwọn kan ní ojútùú rẹ̀ rọrùn: kí á fi ọjọ́ orí dí ọ̀nà. Adájọ́ ń fẹ̀yìn tì ní 70, ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì náà ń fẹ̀yìn tì ní 70, kí ló dé tí Ààrẹ kò fi ní ààlà? Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni 70 ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nígbà tó du ipò Ààrẹ ní 1979; ta ló máa sọ pé orí rẹ̀ kò pé? Ẹ̀rí sì wà nílé wa níbí. Láti 1992 ni àwọn oníṣègùn Ìbàdàn, Benjamin Osuntokun àti Adesola Ogunniyi lára wọn, ti bá àwọn ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ lórí àrùn ìgbàgbé tó ń bá àgbàlagbà jà. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2001 fi hàn pé láàárín àwọn Yorùbá tó ti pé 65 sókè ní Ìbàdàn, nǹkan bí 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn náà ń mú lọ́dún; láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, 3.24 ni. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ni ọpọlọ wọn pé. Ẹni tó bá wo ewú nìkan ṣèdájọ́ yóò ṣi ẹjọ́ dá.

Ẹni tó bá wo fídíò nìkan náà yóò ṣì í. Ní 1964, ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà kó èrò àwọn oníṣègùn ọpọlọ jọ nípa Barry Goldwater tó ń du ipò ààrẹ. Wọn kò yẹ ọkùnrin náà wò. Ó pe ìwé ìròyìn náà lẹ́jọ́, ó sì borí. Láti 1973 ni ẹgbẹ́ wọn ti kà á léèwọ̀ fún oníṣègùn ọpọlọ láti sọ àìsàn ẹni tí kò yẹ̀ wò. Mo bẹ àwọn dókítà wa tó ń jókòó sórí rédíò ní àkókò ìbò pé kí wọ́n ro èyí wò.

Ní Cameroon, wọ́n dí ẹnu pátápátá. Oṣù Kẹwàá 2024 ni mínísítà abẹ́lé ibẹ̀ ka ọ̀rọ̀ ìlera Paul Biya léèwọ̀ fún oníròyìn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún kéde pé ó wọlé, ẹni ọdún 92. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà 2024 tí Joe Biden bá Donald Trump jiyàn lórí tẹlifíṣọ̀n tí ọ̀rọ̀ ń já lẹ́nu rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ló sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀. Ọjọ́ 21 oṣù Keje ló gbà. Àwọn alátakò ti ń sọ ọ́ fún ọdún púpọ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́, nítorí pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi àwọn alátakò wa léèrè ọ̀rọ̀ kan. Kí lẹ fẹ́ ṣe sí abala 144? Ẹ ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nílé aṣòfin. Ẹ gbé àbá wá pé kí ìgbìmọ̀ dókítà wà tí yóò wà níbẹ̀ títí, tí àjọ tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ yóò dárúkọ wọn, tí Ààrẹ kò ní lè yọ wọ́n, tí igbákejì rẹ̀ kò sì ní lè pè wọ́n lóru. Kí wọ́n máa yẹ Ààrẹ àti gómìnà wò lọ́dọọdún, kí wọ́n sì sọ nǹkan kan ṣoṣo fún wa: ó lè ṣe é, tàbí kò lè ṣe é. Orúkọ àìsàn, ìyẹn wà láàárín òun àti dókítà rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kò lè ṣe é, kí Ilé Aṣòfin náà ní agbára láti bẹ̀rẹ̀ ètò, kó má jẹ́ mínísítà nìkan. Kí ẹgbẹ́ tó bá gbé àbá yìí wá sì kọ́kọ́ fi olùdíje tirẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Lọ́dún 2027, Tinubu yóò pé 75. Atiku yóò ti lé ní 80. Kò sí ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn.

Ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì l'Abuja ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Ọ̀jọ́ wa níbí ní aṣojú kan l'Abuja, ó ní méjì ní ilé aṣòfin Èkó ní Alausa. Gbogbo wọn ló ń bọ̀ wá tọrọ ìbò ní Ìyànà-Ìbà àti Okokomaiko. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Kẹ́ ẹ tó gba fìlà àti ìrẹsì tí wọ́n gbé dání, ẹ bi wọ́n léèrè ní gbangba bóyá wọn yóò dìbò láti gba kọ́kọ́rọ́ abala 144 lọ́wọ́ àwọn mínísítà, kí ẹ sì kọ ìdáhùn olúkúlùkù wọn sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.