Ilẹ̀ Náà Ń Fẹ́ Àjẹṣẹ́kù
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Akoka)



Alájẹṣẹ́kù ni à ń pe ara wa. Ẹni tí ó jẹ tí kò ṣẹ́kù, ọ̀la rẹ̀ ni ó jẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn rí, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni òrí tí à ń rà ní Bàrígà ti ń wá.

Àwọn baba wa tí ń dáko níbẹ̀ kì í gé igi irúgbá àti igi òrí. Abẹ́ wọn ni wọ́n ń gbin iṣu àti àgbàdo sí. Bí ilẹ̀ bá ṣá, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí ó sinmi. Màlúù Fúlàní a máa jẹko níbẹ̀, ìgbẹ́ wọn a sì di ajílẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko bá gbẹ, darandaran a gun igi apá, a gé ẹ̀ka rẹ̀ fún màlúù. Bí ó bá gé níwọ̀nba, igi náà á tún rú; bí ó bá ń gé e tán lọ́dọọdún, igi kò ní so, kò sì ní ní àrọ́pò.

Iná pàápàá ní ìgbà tirẹ̀. Ní 1929, àwọn onímọ̀ igbó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Olókeméjì, láàrin Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ibi tí wọ́n ń sun ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko kò tíì gbẹ tán, igi pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, koríko ló gbà á, igi wọ́n. Èyí tí wọn kò sun rárá di igbó dídí, níbi tí màlúù kò ti ní rí koríko jẹ.

Ìkánjú ló ń ba ètò yìí jẹ́. Igi òrí lè lo ọdún 15 sí 20 kí ó tó so, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ni a fi ń gé e sun èédú. Ìjà àgbẹ̀ àti darandaran sì ti tú àjọṣe àtijọ́ ká. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣòfin lórí dída ẹran kiri ní 2019, Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2021. Òfin nìkan kò lè hu igi tí a ti gé.

Àbá mi fún ẹgbẹ́ kò ju méjì lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a yá owó àjọ wa fún ẹni tí yóò gé igi eléso sun èédú. Ẹ jẹ́ kí a para pọ̀ ra òrí àti irú lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí ń ṣe é ní Òkè-Ògùn, kí igi tó wà lóòró lè mówó wọlé ju èyí tí a gé lọ.

Igi kan kì í dá igbó ṣe.