Ẹ̀jẹ̀ Ríru Tó Fi Nǹkan Bojú

Ọ̀rọ̀ tí àwa Ìgbìmọ̀ Ìlera bá ẹgbẹ́ sọ ní ọjọ́ àjọ̀dún

 

Ẹ dákun, kí a tó jẹ, kí a tó jó, ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá lọ́kàn. Lọ́dọọdún, ní irú ọjọ́ òní, a máa ń pe nọ́ọ̀sì wá láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún wa. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga, a ó ní kó lọ rí dókítà. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá ga, a ó pàtẹ́wọ́ fún un, òun náà á ká bébà rẹ̀ sínú pọ́ọ̀sì, ó di ọdún tó ń bọ̀. Àwa tí à ń ṣètò rẹ̀ rò pé ó parí síbẹ̀. Àṣìṣe wa nìyẹn, òun la sì wá tún ṣe lónìí.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ gba irú bébà bẹ́ẹ̀ lọ́dún mẹ́ta tẹ̀léra. Dáadáa ni wọ́n ń kọ sí i. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí wọn kò lè sùn lálẹ́ mọ́ àfi kí wọ́n fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ni àyẹ̀wò tó fi hàn pé ọkàn wọn ti tóbi, kíndìnrín wọn náà sì ti ń kọṣẹ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, ó sì ti pẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní, “Ẹ̀jẹ̀ ríru báwo? Ṣebí ẹgbẹ́ ń wọ̀n ọ́n fún mi lọ́dọọdún!” Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ ká sùn. Àwọn fúnra wọn ló ní ká sọ ìtàn yìí, ká má sáà ti dárúkọ.

Ẹ gbọ́ o. Irú ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó jẹ́ pé níwájú nọ́ọ̀sì, nọ́ńbà òkè kì í dé 140, ti ìsàlẹ̀ kì í dé 90. Ṣùgbọ́n tí onítọ̀hún bá délé, tàbí tó wà nídìí ọjà, tàbí tó bá sùn, á gbéra sókè. Ní 2002, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Thomas Pickering, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru tó fi nǹkan bojú. Nínú èèyàn 100 tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wọn dára ní ọsibítù, ó lè wà lára bí 10 sí 15.

Ṣé ó yà yín lẹ́nu? Ẹ wo bí à ń ṣe ń gbé ayé wa. Ìdájí la ti jí. Ẹrù ò tíì dé, oníbàárà ń yọ owó kúrò lórí ọjà, oòrùn ń pa wá, owó iléèwé ọmọ ń dúró. Ìgbà yẹn kọ́ ni wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ wa. Ọjọ́ tí a wọ aṣọ ẹgbẹ́, tí a jókòó jẹ́jẹ́, tí inú wa ń dùn, ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n! Àwọn mìíràn wà tí kì í lo oògùn wọn, àfi láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lọ rí dókítà. Ta là ń tàn, dókítà ni àbí ara wa?

Ọkàn dà bí alábàárù. Bí ẹrù orí rẹ̀ bá wúwo jù lójoojúmọ́, iṣan rẹ̀ á kọ́kọ́ le, á ki. Nígbà tó bá yá, á rẹ̀ ẹ́. Omi á wá máa dúró sí ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró.

Kíndìnrín ní tirẹ̀ dà bí asẹ́ ògì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú asẹ́ tíntìntín bíi mílíọ̀nù kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sẹ́ ògì, tí a bá ń fi agbára tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ṣé aṣọ asẹ́ ò ní ya? Ohun tó yẹ kó kù sínú ẹ̀jẹ̀ á máa bá ìtọ̀ jáde, ìtọ̀ lè máa hó bí ọṣẹ. Ìdọ̀tí tó yẹ kó jáde á máa kù sára. Kíndìnrín kì í sì í pariwo. Ó lè pàdánù ju ìlàjì agbára rẹ̀ lọ kí ara tó mọ̀. Tó bá kọṣẹ́ pátápátá, ẹ̀rọ ni yóò máa fọ ẹ̀jẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Owó òwò wa ni yóò gbé e lọ.

Kí ni ká ṣe? Ohun tí a fẹ́ bẹ ẹgbẹ́ ni pé kí a ra ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ mẹ́rin, èyí tí à ń dè mọ́ apá, kó máa yí kiri bí àjọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á lò ó fún ọjọ́ 7. Láàárọ̀ kó tó lo oògùn, àti lálẹ́ kó tó sùn, á tọ̀, á jókòó fẹ̀yìn ti àga fún ìṣẹ́jú 5, ẹsẹ̀ nílẹ̀, apá lórí tábìlì, kò ní sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò wọ̀n ọ́n, ìṣẹ́jú kan láàárín, yóò sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Tí a bá yọ ti ọjọ́ kìíní, tí a pín ìyókù dọ́gba, tó bá tó 135 lókè tàbí 85 nísàlẹ̀, kó gbé ìwé náà lọ bá dókítà, kó sì ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti kíndìnrín òun wò. Kí àwọn tó ti lé ní 40, àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, àti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru wà nílé wọn kọ́kọ́ gbà á.

Ẹ dín iyọ̀ àti magí kù. Oògùn ara ríro bíi diclofenac àti ibuprofen tí à ń rà lọ́wọ́ oníkiri, ẹ má gbé e mì lójoojúmọ́. Ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ga, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ má yá oògùn ọ̀rẹ́ yín lò. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá ìyá yín ka nọ́ńbà, ẹ bá wọn kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n wa ẹlẹ́lùbọ́ wà láàárín wa níbí. Wọ́n ń lo oògùn wọn déédéé, ẹsẹ̀ wọn ti fà. Ṣùgbọ́n ohun tó ti bàjẹ́ nínú kíndìnrín wọn kò lè padà sí bó ṣe wà. Wọ́n ní ká sọ fún yín pé bébà ọjọ́ kan kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ọdún kan.

Ìlera loògùn ọrọ̀. A ò ní fi owó ọjà tọ́jú àìsàn.