ẸYẸ TÍ Ń RÌN LÓRÍ ÒṢÍBÀTÀ

Níbi tí omi bá dákẹ́ ní ẹ̀bá ọ̀sà tàbí ní àbàtà, tí ojú oró àti òṣíbàtà sì bò ó, a lè rí ẹyẹ kan tí ń rìn lójú omi bí ẹni pé orí ilẹ̀ ni ó wà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní jacana.

Ó kéré sí adìyẹ. Ara rẹ̀ pọ́n bí obì, ọ̀fun rẹ̀ funfun, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ dúdú. Àgógó rẹ̀ àti iwájú orí rẹ̀ sì ní àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí a wò. Ìka rẹ̀ gùn rékọjá, èékánná rẹ̀ pẹ̀lú gùn. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ lé ewé, àwọn ìka náà a nà káàkiri, wọn a pín ìwúwo rẹ̀ sí ibi púpọ̀, ewé kì yóò sì rì. Ẹni tí ó bá ti tẹ́ pákó sórí ẹrẹ̀ kí ó tó kọjá mọ ọgbọ́n yìí. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣí etí ewé, tí ó ń ṣa kòkòrò àti ìgbín wẹ́wẹ́ jẹ.

Ìwà rẹ̀ yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abo fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó akọ méjì. Òun ni í jà fún ààlà, òun náà ni í sì ní ọkọ púpọ̀. Bí ó bá ti yé ẹyin, tí ó sábà máa ń jẹ́ mẹ́rin, iṣẹ́ rẹ̀ parí; ó di ọ̀dọ̀ ọkọ mìíràn. A rí i pé àwọn ìyá ti ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá ni í sàba. Ìtẹ́ náà kò ju koríko tútù tí ó léfòó lọ, nítorí náà ó máa ń fi apá gbá ẹyin mọ́ àyà kí wọn má bàa tutù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ díẹ̀, wọn a pa. Bí ewu bá dé, bàbá a kó àwọn ọmọ sábẹ́ apá, a sì gbé wọn sá lọ, tí ẹsẹ̀ gígùn wọn ń rọ̀ dirodiro lábẹ́ rẹ̀.

Gbogbo èyí kò lè ṣẹlẹ̀ níbi tí ewé kò bá léfòó. Ní apá Lẹ́kí ní Èkó, a ti da yanrìn sórí ọ̀pọ̀ àbàtà, a sì ti kọ́ ilé lé wọn. A kò sọ pé kí ènìyàn má kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n àbàtà tí a ń pè ní ilẹ̀ òfo ni í gba omi òjò dúró, bí a bá sì dí i, inú ilé wa ni omi náà yóò wá.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ẹyẹ yìí, kí ó lọ ní òwúrọ̀, kí ó jókòó jẹ́ẹ́ ní etí omi, kí ó sì máa wo ibi tí ewé òṣíbàtà bá ti ń ṣí láìsí afẹ́fẹ́.